Jáde Kí N Rí Ẹsẹ̀ Rẹ

Ẹ gbé àga yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́ bíi ti àtijọ́. Bólátitó, da ojú fóònù yẹn dé orí tábìlì. Mo ti gbọ́ ohun tí o bá wá. O ní ẹnì kan tí kò fi àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀ wọ inú ẹgbẹ́ tí ẹ dá sílẹ̀ lórí Wásáàpù nítorí àwọn tó ń fọ́ òkúta tí wọ́n sì ń ba omi wa jẹ́. Ó pè ọ́ ní ojo. Ó ní bàbá rẹ ti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ wọn. Ó ní bí ẹ bá jẹ́ ọmọ gidi, kí ẹ lọ dáná sun kátapílà wọn. O ti kọ èsì rẹ̀, ó gùn tó lẹ́tà, o wá fẹ́ kí n bá ọ tún un ṣe kí ó lè dùn ún wọ eegun, nítorí àwọn ènìyàn ní mo mọ ọ̀rọ̀ í tò. Mo mọ̀ ọ́n tò lóòótọ́. Mo kàwé dé ìwé mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ti kọ lẹ́tà fún ìdajì ìlú yìí. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ kan tìrẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìrìn kan tí mo rìn fún yín.

Ọdẹ́jinmí ni mí. Nígbà tí mo ń wí yìí, eyín mi pé lẹ́nu, ojú mi ń rí àgbọ̀nrín lẹ́yìn igi mẹ́ta, ẹfọ̀n tó bá sì gbọ́ òórùn mi a kọ́kọ́ dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó sá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bó ṣe rí nìyẹn. Agbèdè ni mò ń gbé, a sì ń mu omi odò Ọ̀ṣọ̀ọ́rọ̀, àwa àti ìlú mẹ́fà mìíràn. Lọ́dún náà ni iwin kan tí ń jẹ́ Agbàmú, tó jẹ ọba igbó òkè, gbé àpáta dí orísun odò náà. Ó ní omi náà wu òun láti máa wò ó nínú ààfin òun.

Àwọn ìlú méje yan aṣojú. Agbèdè yan Abọ́gundé, àbúrò ìyàwó mi. Kò pé oṣù kan tí ìròyìn dé pé Agbàmú ti mú un nítorí gbólóhùn kan tó sọ, ó sì ti so ó mọ́ ìdí àpáta tó fi dí omi. Àwẹ̀ró ìyàwó mi ti kú ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Àbúrò kan ṣoṣo tó ní ni Abọ́gundé, òun ló sì tọ́ ọ láti kékeré, ó gbé e wá sí ilé mi pẹ̀lú ẹrù ìyàwó. Nítorí náà n kò dúró kí ẹnikẹ́ni rán mi. Mo gbé ìbọn, mo di iṣu àti iyọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá lọ: kí n mú Abọ́gundé wálé láàyè.

Kí n tó wọgbó, ẹ gbọ́ òfin kan tí bàbá mi kọ́ mi. Bí ọdẹ bá wà nínú igbó tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kì í jẹ́ ẹ, ìbáà ṣe ohùn ìyá tó bí i. Kì í sọ pé òun nìyí. Gbólóhùn kan ni yóò sọ: “Jáde kí n rí ẹsẹ̀ rẹ.” Bó bá jẹ́ ènìyàn ni, yóò jáde. Bí kì í bá ṣe ènìyàn, yóò dákẹ́, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọ. Èébú náà kò ṣe ọdẹ ní nǹkan kan. Ìdáhùn ló ń mú un.

Ọjọ́ kẹta ni mo dé odi kan tí wọn kò fi amọ̀ mọ. Etí ni wọ́n fi mọ ọ́, etí ènìyàn, etí ẹran, etí ìkòkò, gbogbo wọn ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Oníbodè ibẹ̀ ní ẹnu mẹ́ta. Ọ̀kan ń jẹ iṣu, ọ̀kan ń súfèé, ọ̀kan ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kí n gbọ́ àlọ́ òun.

“Kí ló ń rìn láìní ẹsẹ̀, tó ń dé ibi tí ẹni tó rán an kò dé rí, tí ẹni náà kò sì lè pè é padà?”

Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú yín. Èmi ti mọ̀ ọ́n kí ó tó sọ ọ́ tán. Ìdáhùn náà ń jó mi lórí ahọ́n bí èsìsì, pàápàá nítorí pé oníbodè náà ń wò mí bí ẹni tí kò ka ìwé kan rí. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí ọkùnrin méjìlá tí wọ́n dè mọ́ ìdí odi. Gbogbo wọn ń pariwo ìdáhùn kan náà, ìdáhùn náà sì tọ̀nà. Ó yé mi nígbà náà pé kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń dè. Ẹni tí kò lè ṣe kí ó má sọ ọ́ ni. Mo jókòó, mo bó iṣu mi, mo ń jẹ ẹ́. Oníbodè dúró títí. Ó béèrè bóyá ẹni tí kò lè fọhùn ni mí, mo mi orí. Ó béèrè bóyá òmùgọ̀ ni mí, mo rò ó díẹ̀, mo ní ó ṣeé ṣe. Ló bá fi ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yán, ó ṣílẹ̀kùn.

Igbó tó tẹ̀lé e jẹ́ ti àwọn ìjímèrè. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n ń sín ènìyàn jẹ. Wọ́n rìn bí mo ti ń rìn, wọ́n fi ewé ṣe fìlà bíi tèmi, wọ́n wú ikọ́ mi. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn jókòó sórí ẹ̀ka, ó ká orúnkún rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń sunkún láìsí ohùn, gẹ́gẹ́ bí mo ti sunkún lẹ́yìn ilé ní ọjọ́ tí a sin Àwẹ̀ró, tí mo rò pé ẹnikẹ́ni kò rí mi. N kò mọ ìgbà tí ìbọn dé èjìká mi. Ohun tó gbà mí ni pé bí mo ti ń wá ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, mo rí ara igi náà. Ọta ti dá a lu káàkiri. Mo wo igi kejì, bákan náà ni. Abẹ́ wọn kún fún ìbọn ògbólógbòó àti egungun àwọn ọdẹ, gbogbo àpò ẹ̀tù wọn ló ṣófo. Wọ́n ti yìn ín tán fún ìjímèrè. Ẹkùn ló sì ni igbó tó wà níwájú. Mo sọ ìbọn kalẹ̀ lórí èjìká, mo ń lọ, ìjímèrè yẹn sì ń sunkún tẹ̀lé mi títí igi fi tán.

Ti ẹkùn náà kò gùn. Ẹ̀tù mi pé. Ẹ béèrè ibi tí awọ tí mò ń jókòó lé yìí ti wá.

Báyìí ni mo ṣe dé Ìlú Àìrójú, níbi tí àwọn aṣojú ìlú méje ti ń pàdé. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, aṣọ ìko ni wọ́n á fi bò ó láti orí dé ilẹ̀, yóò sì yan orúkọ tó bá wù ú, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ Agbàmú má baà mọ ilé tí wọn yóò lọ kàn. Àárín ìlú náà ni àpáta kan wà tó funfun bí ẹfun. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ níwájú rẹ̀ yóò hàn lára rẹ̀, kò sì ní parẹ́ mọ́. Òjò kò lè fọ̀ ọ́, ọ̀bẹ kò lè ha á. Ohun rere ni, nítorí bí ẹnì kan bá sọ ìyà tó ń jẹ ìlú rẹ̀, ìlú méje ni yóò kà á kí oúnjẹ tó jinná. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òùngbẹ àwọn ẹlòmíràn le ju tiwa lọ.

Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Olómi-Tútù ló ń darí wọn. Mo mọ̀ pé obìnrin ni nítorí ohùn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti dàgbà nítorí bó ṣe ń dìde. Ó mú mi lọ síwájú àpáta, ó fi gbólóhùn Abọ́gundé hàn mí. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó tóbi: “Èmi Abọ́gundé ọmọ Agbèdè, èmi ni n ó ti iná bọ ààfin Agbàmú.” Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan tí ń jẹ́ Jagun-Òtítọ́ ti yìn ín ní akọni.

Olómi-Tútù sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Jagun-Òtítọ́ fi ń bú u, tó ń pè é ní ọmọ tí obìnrin tọ́, tó ń béèrè bóyá ọkùnrin kankan wà ní Agbèdè. Ní ọjọ́ kẹrin Abọ́gundé bọ́ aṣọ ìko rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀, ó sì sọ ti iná. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti dúró sí ẹnu ibodè, wọ́n ń dúró dè é.

Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ẹjọ́ wọn bọ́ síwájú Arúgbó Gbòǹgbò, ìyá àgbà tí ń ṣèdájọ́ fún ènìyàn àti iwin. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó bá wá béèrè omi kò gbọdọ̀ wá pẹ̀lú iná lẹ́nu. Ti Abọ́gundé ti lọ pẹ̀lú ìyà tó ń jẹ lọ́wọ́, kò ní ṣe ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bó bá tún rí ìhalẹ̀ iná tàbí ti ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu wọn lára àpáta náà, omi yóò wà ní ààfin títí láé, Abọ́gundé yóò sì wà ní ìdí òkúta rẹ̀.

Mo béèrè pé kí ló dé tí wọn kò lé Jagun-Òtítọ́ jáde. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní wọ́n ti lé e lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ń gba aṣọ ìko mìíràn wọlé ni, ó sì tún ń sọ ìfẹ́ omi ju ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ òfin bàbá mi fún wọn. Mo ní kí a má jẹ́ ìpè. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ ti iná, tó ní kí a jáde lọ jà, tó bú wa nítorí a kò lọ, gbólóhùn kan náà ni kí gbogbo wa fi dá a lóhùn, kí a má fi nǹkan kan kún un: “A kò bá ọ dá sí i. Jáde kí a rí ẹsẹ̀ rẹ.” Àwọn kan ní ìwà ojo ni. Ọkùnrin méjì tí òùngbẹ ti pa ọmọ wọn sọ pé àwọn kò ní ẹnu fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, iná ni àwọn fẹ́. Kò sí ẹni tó rán àwọn yẹn, ìbànújẹ́ wọn ló ń sọ̀rọ̀. Olómi-Tútù mú wọn lọ sẹ́yìn ìlú, síbi tí ojú àpáta kò dé, ó ní kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún òun. Wọ́n sọ ọ́ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n padà, ọ̀kan nínú wọn ni ó kọ́kọ́ dá Jagun-Òtítọ́ lóhùn bí a ti fẹnu kò.

Ọjọ́ méje kọjá bẹ́ẹ̀. Ó bú ìlú kọ̀ọ̀kan. Ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú kan àti èkejì, ó ní àwọn ará Òkè-Ẹ̀gbẹ̀sì ti ń gba omi ní kọ̀rọ̀. A dá a lóhùn bí a ti ń dá a lóhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn lọ́kàn mi, mo ń rò pé èmi ọlọgbọ́n ọdẹ ti borí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ ó yí padà sí mi. Kò bú mi. Oríkì ló ń kì. “Àkàndé,” ó wí bẹ́ẹ̀, jẹ́jẹ́, “Àkàndé ọmọ a-gbé-ìbọn-bí-ẹni-gbọ́mọ, ọmọ a-wọ-igbó-má-bèèrè-ọ̀nà.” Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ń ṣe ènìyàn nígbà tí wọ́n bá kì í. Orí mi wú, ẹsẹ̀ mi gbé mi dìde kí n tó mọ̀. Ìyá mi àti Àwẹ̀ró nìkan ló ń pè mí ní Àkàndé, àwọn méjèèjì sì ti wà nínú ilẹ̀. Bí mo ti wà ní ìdúró ni ohùn rẹ̀ le. Ó ní, “Àkàndé, níbo lo wà lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró ń pè ọ́? Ẹran ìgbẹ́ lo ń lé. O ti sin ẹ̀gbọ́n, o wá fẹ́ fi ẹnu dídákẹ́ sin àbúrò.”

Mo la ẹnu, mo ní, “Èmi—”

Ó hàn lára àpáta lójú ẹsẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ wọn lórí síléètì ní kékeré. Mo rí ọwọ́ ara mi nínú wọn. Gbólóhùn tó kù ti tò tán lọ́fun mi. N kò to ọ̀rọ̀ tó dára tó o rí láyé mi, bẹ́ẹ̀ ni ikú Abọ́gundé sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìlú ń wo àpáta. Mo gbé e mì. Bólátitó, mo rí i pé o fẹ́ béèrè bó ṣe rí lára. Ó rí bí ẹni gbé egungun ẹja mì. Nígbà tó pẹ́, mo sọ ti gbogbo wa: “A kò bá ọ dá sí i. Jáde kí a rí ẹsẹ̀ rẹ.” Mo jókòó.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án Arúgbó Gbòǹgbò dé. Irun rẹ̀ jẹ́ gbòǹgbò igi, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ó jókòó níwájú àpáta, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìyára. Agbẹjọ́rò Agbàmú, iwin kan tó lórí igún, ń nàka sí gbogbo ibi tí wọ́n ti sọ ti iná. Ó ní ẹ wo ẹnu àwọn tó ń wá omi. Arúgbó sì ń nàka sí ohun tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, gbólóhùn kan náà, nígbà mọ́kànlélógójì.

Igún náà wá fi èékánná kan lẹ́tà mẹ́ta tèmi. Ó ní ọkùnrin yìí fẹ́ sọ pé òun yóò pànìyàn, bó ṣe gé e kúrú fi í hàn.

Arúgbó yíjú sí mi. “Ọdẹ, kí lo fẹ́ fi parí rẹ̀?”

“Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, ọ̀rọ̀ ilé mi ni,” mo dáhùn. “Ẹni tó ni í kò sí níbí.”

Ó wò mí pẹ́. “N kì í ṣe ẹjọ́ ohun tí ẹnu kò sọ,” ó wí. “Ẹ pe ẹni tó ni ti iná wá.”

Jagun-Òtítọ́ kò fẹ́ dìde. Atẹ́gùn kan jáde láti inú irun Arúgbó, ó gbé aṣọ ìko rẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ rí: ẹ̀gbà idẹ méjì ní ọrùn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí ẹrú ààfin Agbàmú nìkan ń wọ̀. Lẹ́yìn náà ni a rí orí rẹ̀, wọ́n ti fá apá kan bí wọ́n ti ń fá ti ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba. Kò tilẹ̀ tijú. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun ni òun jẹ́. Àwọn kan sún mọ́ ọn pẹ̀lú igi lọ́wọ́, Olómi-Tútù sì dúró sáàárín, ó ní kí ó máa lọ.

Ìdájọ́ kò pẹ́. Agbàmú fi orí ara rẹ̀ ru àpáta kúrò lẹ́nu orísun. Wọ́n tú Abọ́gundé sílẹ̀.

Ó ti rù, ìrùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Kò dì mọ́ mi. Bí a ti ń kọjá lọ, ó dúró níwájú àpáta funfun náà, ó ń ka ohun tí Jagun-Òtítọ́ sọ sí mi, nítorí ó ṣì wà níbẹ̀. Mo gbọ́ pé ó wà níbẹ̀ títí dòní, ẹnikẹ́ni lè lọ kà á. A rìn títí a fi jáde nínú igbó àwọn ìjímèrè kí ó tó la ẹnu.

“Bùọ̀dá, èmi ni mo sọ ọ́ fún wọn,” ó wí. “Ọkùnrin kan ń fún mi lómi lójoojúmọ́, ó ń béèrè àwọn ará ilé wa bí ọ̀rẹ́. Mo sọ pé ọdẹ ni yín, mo sọ orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mi ń pè yín. Mo sọ pé ẹ ò sí nílé nígbà tó kú.” Ó wo ilẹ̀. “Gbígbọ́ ni mo gbọ́ ọ. Mi ò bi yín rí. Ṣé òótọ́ ni?”

Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lójú ọ̀nà, nítorí àna mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè bí i. Mo sọ fún un pé òótọ́ ni. Mo sọ pé àìsàn náà ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án, pé ó sọ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà pé ara òun ti ń yá, pé mo yára gbà á gbọ́ nítorí mo ti rí ipasẹ̀ ẹtu kan. Mo ní n ó padà kí oòrùn tó wọ̀, mo sì lo ọjọ́ méjì. Mo pa ẹtu náà. Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà, mo bá àwọn ènìyàn lórí ìdúró nínú ilé mi. N kò fi ọ̀rọ̀ kankan ṣe ọ̀ṣọ́ sí i. Bí ó ti rí ni mo sọ ọ́.

Abọ́gundé bi mí: “Kí ló sọ kẹ́yìn?”

“Mi ò sí níbẹ̀,” mo ní. “Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ó ní kí wọ́n bo oúnjẹ mi, kí eṣinṣin má baà dé ibẹ̀.”

Abọ́gundé bẹ̀rẹ̀, ó dì mí mú lápá, ó gbé mi dìde. Ó gbọn ilẹ̀ kúrò lára aṣọ mi. Ó gbé ẹrù mi ru orí ara rẹ̀, a sì ń lọ. Nígbà tí a dé Agbèdè, omi ti ṣáájú wa débẹ̀. Ó ṣì pọ́n, ewé ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti wọ inú rẹ̀ dé orúnkún. Abọ́gundé gba igbá lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó bu omi, ó dúró kí ẹrẹ̀ rẹ̀ tòrò. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, kí òun tó mu.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé nìyẹn, ẹ jẹ́ kí ẹnu mi náà dúró síbẹ̀.